Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà àti Ìdánwò Ìyàwó Rẹ̀

"Ṣé ìka méjì yẹn náà lo ṣì ń lò?"

Nọ́ọ̀sì kò tíì mu tíì rẹ̀ dé ìdajì tí ọkọ rẹ̀ fi bi í ní ìbéèrè yìí. Ó mọ ohun tó ń sọ. Ìka méjì ló fi ń tẹ kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, bí adìẹ tó ń ṣa ọkà. Ó ki búrẹ́dì bọ inú tíì, ó ń wò ó bó ṣe ń rọ̀.

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o."

"Mo gbọ́ yín, Dádì. Ìka méjì náà ni."

"Ó dáa. Ṣáà ti yára."

Ọjọ́ ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ nìyí, ẹ̀ẹ̀kejì tí yóò ṣe é. Ilé ìwòsàn kan lókè òkun ti gbà á síṣẹ́, òun àti ọkọ àti ọmọ wọn obìnrin ni yóò sì jọ lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí oṣù yìí tó parí, kó fi èsì ìdánwò hàn wọ́n pé òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí kò bá rí i fi hàn, ẹlòmíràn ni yóò gba àyè náà. Obìnrin tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ iṣẹ́, tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ohun tó pa òkú àti ohun tó gba alààyè là lójoojúmọ́ ayé, òun ni wọ́n ní kó lọ sanwó kó tó lè jẹ́rìí ara rẹ̀. Ẹni tó ṣe òfin yẹn ń sùn, ó ń han-an-run.

Ní ẹ̀ẹ̀kíní, oníwèé ló ṣe, ti pẹ́ńsù àti bébà. Ó yege níbi gbígbọ́, ó yege níbi kíkà, ó yege níbi sísọ. Ibi kíkọ ló ti fi àbọ̀ máàkì ṣubú. Oníwèé náà ló fẹ́ tún ṣe. Ọkọ rẹ̀ ní rárá, oníkọ̀ǹpútà ni, nítorí èsì tiẹ̀ kì í pẹ́ jáde, tìwé máa ń falẹ̀, oṣù sì ti ń lọ sópin. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí i. Ohun tí kò bọ́ sí i ni pé kò bi í. Ó sanwó tán kó tó wá sọ fún un. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì ní òun ò mọ̀ ọ́n tẹ̀, ẹ̀rín ló fi í rín.

"Ìyàwó Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ò mọ kọ̀ǹpútà tẹ̀? Má jẹ́ kí aráyé gbọ́ o."

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níwájú ilé, níbi tó ti ń bá àwọn èèyàn tẹ lẹ́tà ìwáṣẹ́ àti ìwé ìpè ìgbéyàwó. Ó lè máa tẹ̀wé kó máa bá oníbàárà jà lẹ́ẹ̀kan náà, kó má sì wo ọwọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀ láti kọ́ ọ, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Bó bá ti jókòó, tó ń wá ibi tí lẹ́tà wà, oníbàárà á yọjú, ọkọ rẹ̀ á sì ní, "Dìde ná, iṣẹ́ dé." Nígbà tó yá, kò lọ mọ́. Ẹni tó lórí kò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà kò lórí.

Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, gbé ẹyin díndín wá láti ìdí sítóòfù. Ọkọ nawọ́ sí i, Màmá gbá ọwọ́ náà kúrò.

"Kì í ṣe tìẹ. Ẹni tó ń lọ sójú ogun ló ni ín." Ó gbé àwo náà síwájú Nọ́ọ̀sì. "Ìyàwó mi, jẹ ẹ́ tán. Mo ti sọ fún gbogbo ayé. Bó o bá tún fi àbọ̀ máàkì dé, mi ò mọ ibi tí mo máa gbé ojú mi sí."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n jẹun."

"Jẹun. Ṣé mo ní kó o má jẹun ni?"

Ó gé ẹyin náà fún ọmọ wọn, tó ti wọ yunifọ́ọ̀mù, tó sì ti sọ fún gbogbo kíláàsì rẹ̀ pé òun ń lọ sí ibi tí yìnyín ti ń bọ́. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti àná, nígbà tí alágbàfọ̀ kan wá fi owó lọ ọkọ rẹ̀ kó lè gba ṣọ́ọ̀bù náà.

"Dádì, ẹ ò ṣe jẹ́ kí èsì jáde ná, kẹ́ ẹ tó gbé ṣọ́ọ̀bù fún Alágbàfọ̀?"

"Alágbàfọ̀ ò lè dúró. Bí mi ò bá kó kúrò fún un nírọ̀lẹ́ òní, ó ní òun ti rí ibòmíì."

"Bó bá wá lọ jẹ́ pé..."

"Pé kí ni? Ṣé o fẹ́ ṣubú ni?"

Nọ́ọ̀sì gbé àpò rẹ̀, ó jáde. Aránṣọ tó ń gbé yàrá tó kángun sí tiwọn ti wà nídìí ẹ̀rọ lẹ́nu ọ̀nà, òun àti oníbàárà kan.

"Nọ́ọ̀sì, òní mà ni. Ẹ ó yege o. Bẹ́ẹ̀dì yín yẹn, èmi ni kẹ́ ẹ tà á fún o, ẹ má jẹ́ kẹ́lòmíì rà á mọ́ mi lọ́wọ́."

"Mo gbọ́ yín, ẹ ṣé."

Kò tíì rìn jìnnà tó fi gbọ́ ọ tó ń sọ fún oníbàárà rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì rẹlẹ̀ tó: "Òjò ṣú lásán, wọ́n ti da omi agbada nù." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Níbi ìdánwò, wọ́n kó gbogbo wọn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, àwọn oníwèé lápá kan, àwọn oníkọ̀ǹpútà lápá kejì. Ẹnu ni wọ́n fi ń lé ẹ̀rù. Tíṣà àgbà kan tí irun rẹ̀ ti funfun wà lápá oníwèé, ó di pẹ́ńsù rẹ̀ mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á.

"Èmi ò lè ṣe kọ̀ǹpútà," ó ní. "Ọwọ́ mi ló mọ ohun tí orí mi ń rò. Kí n tó rí ibi tí lẹ́tà kan wà, ọ̀rọ̀ á ti sá lọ."

Ọmọbìnrin kan lápá kejì mi orí. "Kọ̀ǹpútà ló dáa, bàbá. Á máa bá yín ka iye ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ti kọ. Bí ìpínrọ̀ kan ò bá dáa níbi tó wà, ẹ lè gé e kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíì. Tìwé, ẹ ó máa fi rọ́bà parẹ́ títí bébà á fi ya."

"Gbígbọ́ ńkọ́?" ọkùnrin kan dá sí i. "Tìwé tí mo ṣe nígbà kan, rédíò kan ṣoṣo ni wọ́n gbé síwájú fún gbogbo wa. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí. Mo rò pé ọkùnrin inú rédíò yẹn ń ra bàtà ni, àṣé ilé ló ń yá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tíṣà ní kí wọ́n má rò pé àwíjàre ni òun ń wí, ariwo kíbọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé yìí nìkan tó láti da èèyàn lórí rú. Ó ní òun ti kọ́ àwọn tó ń gba orúkọ èèyàn sílẹ̀ níbi ìdánwò yìí ní Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, wọ́n sì wo ojú òun láàárọ̀ yìí, wọ́n ní kí òun lọ jókòó. Ẹ̀rín tí wọ́n rín sí ìyẹn kò dénú.

Ọmọbìnrin náà wá kọjú sí Nọ́ọ̀sì. "Ẹ̀gbọ́n, èwo lẹ mú?"

"Kọ̀ǹpútà."

"Ẹ mọ̀ ọ́n tẹ̀ dáadáa?"

"Ọkọ mi mọ̀ ọ́n tẹ̀."

Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà rẹ̀.

Gbígbọ́ lọ bó ṣe yẹ, kíkà náà kò burú. Nígbà tó kan kíkọ, ìbéèrè tó tóbi jù dé bíi pé wọ́n mọ̀ ọ́n ni: ṣé inú ilé ló yẹ kí wọ́n ti máa tọ́jú arúgbó, àbí ilé ìtọ́jú? Inú Nọ́ọ̀sì dùn. Ó mọ arúgbó. Òun ló ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì, òun ló ń pe àwọn ọmọ wọn lórí fóònù tí wọn kì í gbé e. Wọ́n sì ti fún olúkúlùkù ní bébà kan àti pẹ́ńsù, pé bí ẹnikẹ́ni bá ní ohun tó fẹ́ fi sọ́kàn, kó kọ ọ́ síbẹ̀.

Ní wọ́ọ̀dù tó ti ń ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kì í kọ ohunkóhun tààrà sínú fáìlì aláìsàn. Fáìlì kò gbọdọ̀ ní ìdọ̀tí. Ẹni tó bá fagi lé ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ yóò ṣàlàyé ara rẹ̀ níwájú métírọ́ọ̀nù. Nítorí náà, rọ́ọ̀fù ni gbogbo nọ́ọ̀sì máa ń kọ́kọ́ kọ, wọ́n á kà á, wọ́n á tún un ṣe, kí wọ́n tó dà á kọ. Bó ṣe ṣe tìwé náà nìyẹn, ọwọ́ rẹ̀ sì yá, ó dà á kọ tán. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé orí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ lèèyàn ti ń ṣe rọ́ọ̀fù. Ẹni tó yẹ kó sọ fún un ní kó dìde, iṣẹ́ dé.

Ó tẹrí ba, ó kọ ọ́. Ó kọ ọ́ dáadáa, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, iwájú bébà àti ẹ̀yìn, ó sì tún un kà. Nígbà tó gbé orí sókè, aago tó wà lórí kọ̀ǹpútà ti sáré ju bó ṣe rò lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á kọ, ìka kan lọ́tùn-ún, ìka kan lósì. Lọ́tùn-ún, lósì, níwájú, lẹ́yìn, kíbọ́ọ̀dù àwọn yòókù ń ró wàràwàrà. Ó tẹ ìpínrọ̀ kìíní tán. Ó wà láàárín ìkejì, kò tíì tẹ ọ̀rọ̀ kan tán, nígbà tí kọ̀ǹpútà kò gba lẹ́tà mọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣọ́ wọn wá kó àwọn bébà náà. Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ lé tiẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo ẹ̀ ló wà níbí. Mo kọ ọ́ tán. Ẹ wò ó."

"Ẹnikẹ́ni kì í kà á, mà. A máa ń fà á ya ni."

"Mo ní mo kọ ọ́ tán."

"Ó yé mi, mà." Ohùn rẹ̀ kò le rárá. Ó rọra fà á jáde lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó fà á ya sí méjì, ó fi kún àwọn yòókù.

Apá tó kù, níbi tí wọ́n ti ní kó sọ̀rọ̀, kò rántí ohun tó sọ níbẹ̀.

Nígbà tó délé, ọkọ rẹ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń di kọ̀ǹpútà sínú páálí, ó ń súfèé. Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kò kí i.

"Dádì, mi ò ṣe é tán. Kíkọ yẹn, mi ò ṣe é tán."

Kò gbé orí sókè. "Tún nìyẹn."

"Mò ń sọ fún yín. Ẹ má tíì gbé ṣọ́ọ̀bù yìí fún ẹnikẹ́ni."

"Wá, jẹ́ kí n bi ọ́. Nígbà tó o ṣe tìwé, tó o dé, kí lo sọ?"

"Mo ní ó dáa."

"Ṣé ó dáa?"

"Kò dáa."

"Ó yé ẹ wàyí." Ó na ìka sí i, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó borí nídìí ayò. "Ìgbà tó o ní ó dáa, o ṣubú. Lónìí, o ní kò dáa. O ti yege nìyẹn. Lọ sinmi, jọ̀ọ́, má fi ẹ̀rù tìẹ kó bá mi."

Ó wọlé lọ bá Màmá lẹ́yìnkùlé, níbi tí òun àti Aránṣọ ti ń ṣa ìrẹsì lórí àtẹ. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn.

"Màmá, kò lọ dáadáa o. Ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀, ẹnu yín ló máa ń gbọ́."

Màmá wo Aránṣọ, ó tún wo Nọ́ọ̀sì, ó wá ṣẹ́jú sí i. "Ìyàwó mi gbọ́n," ó ní. "Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Èèyàn kì í fi ẹnu ara ẹ̀ gbé ayọ̀ síta níwájú ayé." Ó gbọ̀n àtẹ rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Aránṣọ wo ojú Nọ́ọ̀sì dáadáa. Òun nìkan ló gbà á gbọ́ nínú gbogbo ilé yẹn. Inú rẹ̀ sì dùn. Ó ní kí Nọ́ọ̀sì pẹ̀lẹ́, ó dìde, ó lọ sọ fún àwọn tó yẹ kó sọ fún.

Nírọ̀lẹ́, Alágbàfọ̀ dé. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, aṣọ funfun rẹ̀ kò rún níbì kankan. Ó ti san owó ṣọ́ọ̀bù fún onílé, ó sì fi fóònù san owó tí Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà gbà kó tó kó kúrò fún un, lójú gbogbo ilé. Màmá ní kí Nọ́ọ̀sì gbé omi wá fún àlejò. Bó ṣe gbé omi dé ni ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ bà á léjìká.

"Ìyàwó mi nìyí. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ò ní pẹ́ wá a tì."

Alágbàfọ̀ gba omi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Mà, mo gbọ́ pé ẹ ṣe ìdánwò lónìí. Ṣé ó lọ dáadáa?"

Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì la ẹnu.

"Ó lọ dáadáa," ọkọ rẹ̀ dáhùn. "Ẹ̀rù ìdánwò ni ìṣòro tiẹ̀. Nọ́ọ̀sì, lọ wo ìrẹsì lórí iná, kó má jó."

Ó lọ wo ìrẹsì. Ìrẹsì náà kò jó, kò tiẹ̀ tíì hó. Ó dúró tì í, ó sì gbọ́ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ró láti ọwọ́ kan bọ́ sí ìkejì, kò sì sọ nǹkan kan. Inú ń bí i débi tó fi fẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá a lẹ́bi, kó lọ jókòó sórí àga tí wọ́n ti ń lé èèyàn dìde ná, kó tó wá dá ẹjọ́.

Alágbàfọ̀ kò tíì sọdá títì tí Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà fi ti fi fóònù fi owó náà ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bá wọn ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Èyí tó pọ́ọ́kú jù ló ní kó rà, irú èyí tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà.

Wọ́n jókòó láti jẹun. Inú Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà dùn, ó bu ẹran fún ìyá rẹ̀, ó bu fún ọmọ rẹ̀, ó tiẹ̀ bu fún ìyàwó rẹ̀.

"Ó yá, sọ fún wa. Kí ni wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ?"

"Ọ̀rọ̀ arúgbó. Bóyá ilé ló yẹ kí wọ́n máa gbé àbí ilé ìtọ́jú."

Màmá ní ilé ni, dájúdájú.

"O kọ ọ́ dáadáa?"

"Mo kọ ọ́ dáadáa. Mo kọ ọ́ tán sórí bébà, iwájú àti ẹ̀yìn."

Ṣíbí rẹ̀ dúró. "Bébà wo?"

"Èyí tí wọ́n fún wa. Mo ṣe é ní rọ́ọ̀fù ná, bí a ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́, kí n tó máa tẹ̀ ẹ́."

"Kọ̀ǹpútà lo ń ṣe rọ́ọ̀fù fún? Orí ẹ̀ lèèyàn ti ń rò ó. Ó ń parẹ́ fúnra ẹ̀. Ọmọdé mọ ìyẹn."

"Ọmọdé tí wọ́n bá kọ́ ló mọ̀ ọ́n."

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, kò nílò kí ẹnikẹ́ni bá a ṣe ìṣirò ohun tí ìka méjì lè tẹ̀. "Ibo lo tẹ̀ ẹ́ dé?"

"Ìpínrọ̀ kan. Mo wà nínú ìkejì."

"Ìpínrọ̀ kan."

"Ìka méjì náà ni, Dádì."

Ọmọ wọn wo bàbá rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀. "Ṣé a ò lọ mọ́ ni?" Ó tún bi wọ́n, Màmá wá ní kó jẹun.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?" ọkọ rẹ̀ bi Nọ́ọ̀sì.

"Mo sọ fún yín nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ní mo ti yege. Mo sọ fún Màmá, wọ́n ní mo gbọ́n."

"Nígbà tí Alágbàfọ̀ bi ọ́ lójú gbogbo wa ńkọ́?" Ohùn Màmá ni. "Ṣé ẹnu rẹ di ni? O jókòó, o ń wo ọmọ mi bó ṣe ń ba ayé ara ẹ̀ jẹ́. Èmi tí mo fún ẹ lẹ́yin jẹ láàárọ̀. Ọ̀tá ni ọ́. Inú ilé yìí lo ti ń bá wa jẹun, ọ̀tá sì ni ọ́."

"Ìdí ìrẹsì ni mo wà, Màmá."

Ọkọ rẹ̀ ti dìde. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ níta, wọ́n gbọ́ ọ bó ṣe ń bẹ ènìyàn, ohùn tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Wọ́n gbọ́ ohùn Alágbàfọ̀ pẹ̀lú, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bíi tàtẹ̀yìnwá. Ní yàrá kejì, ẹ̀rọ Aránṣọ ti dákẹ́, kó lè gbọ́ dáadáa. Nọ́ọ̀sì ń jẹun. Ó jẹ ẹran rẹ̀, ó fọ egungun.

Ọkọ rẹ̀ padà dé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ó ní òun ti san fún onílé. Ó ní òun ti kó irin ìlọṣọ òun wọ ṣọ́ọ̀bù." Ó bọ́ bàtà rẹ̀. "Ó ní bí mo bá ń wá iṣẹ́, òun á nílò ẹni tó máa máa kọ orúkọ sára aṣọ oníbàárà."

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í bú Nọ́ọ̀sì lákọ̀tun, ó bú ìyá tó bí i, ó bú ilé ẹ̀kọ́ tó lọ. Nọ́ọ̀sì kó àwo, ó fọ̀ ọ́. Ó wọ yàrá lọ. Nígbà tó jáde, yunifọ́ọ̀mù funfun rẹ̀ ló wọ̀, ó so aago mọ́ àyà.

Ọkọ rẹ̀ wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Níbo lò ń lọ?"

"Ibi iṣẹ́."

Ó wò yíká yàrá náà, ó wo àwọn páálí kọ̀ǹpútà tó ti kó wọlé láti ṣọ́ọ̀bù.

Màmá tún la ẹnu láti bú u, ó pa á dé. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó ti rọ̀ bíi ti àárọ̀. Ó ti mú abọ́ oníderí kan lọ́wọ́.

"Ìyàwó mi, ìrẹsì ṣì kù nínú ìkòkò. Ṣé kí n bu díẹ̀ sínú èyí fún ẹ, kó o máa rí nǹkan jẹ lóru?"

"Rárá, Màmá," ó ní. "Ẹ fi sílẹ̀ fún ọkọ mi. Òun ni kò níṣẹ́."